Mo Sanwó Ẹnubodè, Wọ́n Tún Ń Ta Ìlà fún Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: kí ni mo sanwó ẹnubodè fún? Bí mo bá ti kó owó gọbọi sílẹ̀ kí n tó wọ ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n tún ní kí n san òmíràn kí n má baà dúró pẹ́, a jẹ́ pé ìdúró ni mo fi owó àkọ́kọ́ rà. Ìdúró kẹ̀! Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń dúró nílé bàbá mi.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára nítorí pé Florida ni ìdílé mi ní àwọn ń lọ lọ́lidé yìí, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akápò láìdìbò. Houston là ń gbé. Ìlú wa ní ọgbà ńlá tirẹ̀ nígbà kan rí, AstroWorld, tó ṣí ní 1968, ṣùgbọ́n wọ́n tì í pa ní 2005, wọ́n sì wó o palẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ eré gbé òun gòkè kó sì jù ú sísàlẹ̀ ní láti kọ́kọ́ rin ìrìn àjò. Mo dábàá San Antonio, níbi tí ọgbà Fiesta Texas wà, tí mo lè wa mọ́tò dé láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Ńṣe làwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Orlando ni wọ́n ń fẹ́, níbi tí Walt Disney World wà, ìyá wọn sì ti kín wọn lẹ́yìn kí n tó pa ẹnu dé.

Ẹ wo owó ẹnubodè fúnra rẹ̀ ná. Lójú Disney, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kì í san nǹkan kan. Láti ọdún mẹ́ta dé mẹ́sàn-án, owó ọmọdé ni. Bó bá ti pé mẹ́wàá, àgbà ni. Ọmọ mi àárín ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́wàá. Ọmọ tí kò lè fọ abọ́ kó má fọ́ ọ, òun ni mo fẹ́ lọ san owó àgbàlagbà lé lórí. Ìyá ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú náà ń bá wa lọ. Wọ́n ti búra pé àwọn kò ní gun ohunkóhun tó ń yí ènìyàn dorí kodò, síbẹ̀ iye tí ẹni tó ń gùn yóò san náà ni wọ́n máa san láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bí èrò bá sì pọ̀ lọ́jọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ṣoṣo ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Disney níbẹ̀, lè ju 180 dọ́là lọ. Ẹnu ọ̀nà nìyẹn o. A ò tíì sọ̀rọ̀ ìlà.

Wọn kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀. Ní 1971 tí Magic Kingdom ṣí, dọ́là mẹ́ta àti àbọ̀ ni àgbà fi ń wọlé. Lóòótọ́, ènìyàn tún ń ra ìwé pélébé fún ohun tó bá fẹ́ gùn, láti A dé E. A wà fún àwọn eré wẹ́wẹ́, E wà fún àwọn tó ń mú alàgbà pariwo. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá sanwó fún ni o ń gùn, kò sí ìjà. Ní 1982, wọ́n pa ìwé pélébé náà tì: san owó kan lẹ́nu ọ̀nà, ó parí. Nígbà tó di 1999, FastPass dé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ síwájú àwọn ọkọ̀ eré tó gbajúmọ̀. O ki tíkẹ́ẹ̀tì ẹnubodè rẹ bọ̀ ọ́, ó pọ bébà tó sọ aago tí wàá padà wá, o lọ jẹun, o padà wá, o wọlé. Ọ̀fẹ́ ni. Ìjòyè àti mẹ̀kúnnù, ẹni tó bá tètè dé ìdí ẹ̀rọ ló ni ín.

Ní 2014, ọ̀rọ̀ bọ́ sórí fóònù. Ẹni tó bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney lè yan tirẹ̀ ní 60 ọjọ́ ṣáájú, ẹni tó bá sùn síta lè yan tirẹ̀ ní 30 ọjọ́. Ìyàtọ̀ ti ń yọ́ wọlé, ṣùgbọ́n kò tíì sí owó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n ti ọgbà, tí FastPass náà sì wọ àtìpa. A ń retí kó jí dìde. Genie+ ló wọlé ní oṣù Kẹwàá 2021, ó sì na ọwọ́ síta: dọ́là 15 lórí orí kan, lójúmọ́ kan. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ní oṣù Keje 2024, wọ́n sọ ọ́ ní Lightning Lane Multi Pass. Má sì rò pé o ti ra gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ọkọ̀ eré tí gbogbo ayé ń torí wọn wá gan-an, irú Flight of Passage àti Rise of the Resistance, kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ lowó tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni wàá máa rà wọ́n.

Kí ọdún 2024 tó parí, Premier Pass yọjú fún àwọn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan aago fún wọn. Ní Magic Kingdom, láti dọ́là 329 títí dé 449 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lórí ẹnì kan, fún ọjọ́ kan, láìka owó ẹnubodè, ẹ̀ẹ̀kan péré lo sì lè fi gun ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́rin la máa gùn. Mo ṣírò 449 lọ́nà mẹ́rin, ó fún mi ní 1,796. Mo tún un ṣírò, bóyá ẹ̀rọ ìṣirò ni kò yá. Ara rẹ̀ yá.

Kì í sì í ṣe Disney nìkan. Universal ní Express, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá sùn sí mẹ́ta nínú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó iyebíye wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ni pé ó ti wà nínú owó yàrá. Six Flags náà ní irú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti rí i pé ohun tó yá tà jù nínú ọgbà kì í ṣe eré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó ta mí jù. Ká ní ọkọ̀ eré kan lè gbé 1,500 ènìyàn ní wákàtí kan. Kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ìrékọjá, 1,500 ni. Lẹ́yìn tí wọ́n tà á tán, 1,500 náà ni. Wọn ò fi àga kan ṣoṣo kún un. Ká tún wá ní àwọn tó sanwó ìrékọjá gba 1,000 nínú rẹ̀, a jẹ́ pé 500 ló ṣẹ́ kù fún èmi àti gbogbo ogunlọ́gọ̀ tó tò yí ilé po. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé àkókò ni wọ́n ń tà. Ibo ni wọ́n ti rí àkókò tà? Àyè mi ni wọ́n mú, wọ́n tà á fún ẹlòmíràn, wọ́n wá yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀yẹ: “Ṣé ẹ ò ní ra tiyín padà?” Bí ìlà tèmi bá sì ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjà wọn ṣe ń yá sí i. Ẹni tó ń ta agboòrùn kì í gbàdúrà kí òjò dá.

Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀ nígbà ọ̀wọ́n epo. Mọ́tò á tò láti ilé epo títí dé abẹ́ afárá. Ọ̀gbẹ́ni kan á ṣàdédé gba ẹnu ọ̀nà tí àwọn tó ti ra epo ń bá jáde wọlé, á ki nǹkan bọ ọmọ ilé epo lọ́wọ́, táǹkì rẹ̀ á sì kún kó tó wálẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Nàìjíríà, a máa ń sọ̀ kalẹ̀. A máa pariwo, a máa dènà, àgbà kan á bọ́ fìlà, ìyá oníbúrẹ́dì á dá sí i. Ní Florida, orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti ń gbowó ẹ̀yìn, wọ́n ń fún ni ní rìsíìtì, àwọn tó wà lórí ìlà sì ń juwọ́ sí ẹni tó ń kọjá lọ.

Wọn ò tiẹ̀ fi bò. Ìlà méjèèjì máa ń pàdé kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ kan á dúró síbẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ dá àwọn tó ti ń rọ́ bọ̀ láti àárọ̀ dúró, á ní kí àwọn ti ìrékọjá máa bọ̀. Wọ́n á máa bọ̀. Wọ́n á máa bọ̀. Tẹbí-tará, tìyá-tọmọ, pẹ̀lú guguru lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, á yọ̀ǹda fún ìdílé kan láti inú ìlà wa. Á tún gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè.

Ìyàwó mi ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́ kí n sanwó. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ìdúró tí òun ń dúró níbi iṣẹ́ ti tó òun. “Dadi, ẹ jẹ́ ká rà á ká sinmi.” Mo ní ó dára, kó wá ṣàlàyé ìsinmi náà fún mi. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 14 tí kì í rántí tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ló gbé kọ̀ǹpútà wá tó fi àtẹ aláwọ̀ mèremère hàn mí. Àwọn tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney lè yan tiwọn láti ọjọ́ méje ṣáájú. Àwa tí a máa sùn síta, ọjọ́ mẹ́ta. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Aago méje Florida, tí í ṣe aago mẹ́fà Houston. Bí ènìyàn bá fi pẹ́, àwọn tó dára ti tán, á ku aago alẹ́ tí ọmọ ti sùn.

Mo ní: “Ẹ dúró ná. Mo máa sanwó kí n má baà dúró, mo wá tún máa jí ní ìdájí láti dúró de fóònù?”

Ìyá ìyàwó mi tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà gbójú sókè. “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ṣèbínú. Ẹni tó san owó yẹn, ṣé kì í tò mọ́ rárá?”

“Wọ́n ń tò, Mọ́mì. Tiwọn kúrú ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ìlà náà ni.” Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé mi ò ní rà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí a ṣe ń lọ láìrà á. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dárò. Iṣẹ́ oṣù ni.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n mú àkókò tí èrò kò pọ̀. Ìgbà wo? Lẹ́yìn Labor Day nínú oṣù Kẹsàn-án, tàbí láàárín oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ìyẹn ni pé, nígbà tí gbogbo ọmọ wà ní kíláàsì. Ọgbà tí wọ́n kọ́ fún ọmọdé, ìgbà tí ọmọdé kò bá lè wá ló dùn ún wọ̀.

Wọ́n ní kí n tètè dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, torí pé ní wákàtí àkọ́kọ́, ìlà kò tíì gùn. Ó dára, àwa ará Ìjẹ̀bú kì í sùn jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì wọn ń wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ẹni tó sùn síta. Èmi tí mo jí lákùkọ, tí mo wa ọkọ̀ wá, tí mo sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí, màá wọlé bá ìlà àwọn tó fi sálúbàtà jáde láti yàrá. Wọ́n ní kí n sì mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ sáré sí, bóyá Seven Dwarfs Mine Train tàbí Tron, nítorí mi ò lè rí méjèèjì kí ìlà tó gùn. Ọmọ mi àárín ní Tron. Mo wá rí i pé ẹni tí kò bá ga tó 48 íǹṣì kò lè gun Tron. Ọmọ tí wọ́n gba owó àgbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wá di ẹni tí mo ń fi tépù wọ̀n lára ògiri ìdáná lálaalẹ́. Seven Dwarfs kò béèrè ju 38 íǹṣì lọ, ṣùgbọ́n kì í gbé ènìyàn ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Oúnjẹ tí mo máa jẹ lórí ìlà rẹ̀ kò ní tíì dà.

Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú, wọ́n ní kí n kó ìdílé lọ síbi tí àga pọ̀ sí. Èyí nìkan ni ìmọ̀ràn tí mo fọwọ́ sí tọkàntọkàn. Carousel of Progress wà níbẹ̀, èyí tí Walt Disney fúnra rẹ̀ mú jáde fún ìpàtẹ àgbáyé New York ní 1964. Gbọ̀ngàn ńlá ni, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn òǹwòran jókòó, ilé náà rọra ń yí, ó sì ń lọ bí ogún ìṣẹ́jú. Ìlà ibẹ̀ kì í sábà gùn. Àwọn ọmọ mi ní eré arúgbó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eré arúgbó sílẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni màá ti sun oorun owó mi.

Wọ́n ní kí a lo ìlà ẹni tó dá wà. Ní Expedition Everest, fún àpẹẹrẹ, bí àga kan bá ṣófo láàárín ìdílé méjì, wọ́n máa ń mú ẹni tó dá wá láti fi dí i, ìlà rẹ̀ sì ń yá. Ìdílé tó wá láti jọ ṣe fàájì pọ̀ á wá tú ká, baba níwájú, ìyá lẹ́yìn, ọmọ láàárín àwọn ará Ohio, kálukú máa dá pariwo tirẹ̀.

Ètò kan wà tó wù mí, wọ́n ń pè é ní Rider Switch, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò ga tó, òbí kan á tò, á gùn, òbí kejì á dúró ti ọmọ. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá sọ̀ kalẹ̀, ti ìkejì á wọlé láìtún tò mọ́. Abíkẹ́yìn mi tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí a kò san kọ́bọ̀ fún, ló wá di ọmọ tó wúlò jù nínú ìdílé. Ìyá ìyàwó mi bá ní kí a fi ọkàn balẹ̀, àwọn á bá wa gbé e, kí èmi àti ìyàwó mi jọ lọ gùn ún. Mo kúnlẹ̀. “Mọ́mì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bá wa gbé e.”

Bí òjò ọ̀sán bá ṣú, tí àrá ń sán, wọ́n máa ń dá àwọn ọkọ̀ eré ìta dúró. Èrò á tú ká, ẹni tó bá sì wọ aṣọ òjò dúró nítòsí ló máa rí ìlà kúkúrú nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà kí òjò má rọ̀ sí ọlidé mi, mo ti yí àdúrà padà. Lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń yin iná aláràbarà sójú ọ̀run, ìlà á fúyẹ́, nítorí gbogbo ènìyàn ti lọ wò ó. Àwọn ọmọ mi sì ní iná yẹn gan-an làwọn ń bá lọ. Èyí tó kẹ́yìn ni pé bó bá ku ìṣẹ́jú kan kí wọ́n ti ọgbà, kí ènìyàn wọ inú ìlà. Ẹni tó bá ti wọlé kí aago tó lù, wọ́n máa gbé e, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo gba èyí náà. Ẹni tó jí lákùkọ yóò gun ọkọ̀ tirẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbálẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò ó títí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Larson ti MIT, tí wọ́n ń pè ní Dr. Queue, kọ ìwádìí kan jáde ní 1987 lórí ìdájọ́ òdodo àti ohun tí ìlà ń ṣe fún ọkàn ènìyàn. Ó fi hàn pé kì í ṣe gígùn ìdúró nìkan ló ń bí ni nínú. Ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ tó kọjá lára rẹ ni egbò. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa ìdúró ṣẹlẹ̀ ní Houston wa níbí. Àwọn èrò bàálù ń ráhùn pé àwọn ń dúró pẹ́ jù de ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé ibi ẹrù jìnnà sí ibi tí bàálù ti ń já èrò sílẹ̀, ìrìn náà sì di ìlọ́po mẹ́fà. Ìgbà tí èrò bá máa fi rìn débẹ̀, ẹrù ti dé, ìráhùn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Àwọn ọlọ́gbà náà gbọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya àwòrán sí ara ìlà, wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣeré síbẹ̀, wọ́n mú un wọ́lọ́wọ̀ọ́ láti yàrá dé yàrá kí o má baà rí òpin rẹ̀. Wọ́n wá wo egbò tí Larson sọ̀rọ̀ rẹ̀ sàn bí? Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Àwọn tó ń gbèjà wọn ní kò sí dandan níbẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń rà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á, ìlà gbogbo wa á kúrú. Bí gbogbo wa bá rà á, ìlà ìrékọjá á gùn tó tàtijọ́, owó wa á sì ti lọ. Ìgbà tí àwọn kan bá rà á tí àwọn kan kò rà á nìkan ni ọjà náà ń jẹ́ ọjà. Ìfẹ́ ìrékọjá sì máa ń ba ìwà jẹ́. Ní 2013, ìwé ìròyìn New York Post gbé e jáde pé àwọn ìdílé olówó kan ní Manhattan ń háyà aláàbọ̀ ara láti bá wọn lọ sí Disney, kí wọ́n lè gba ọ̀nà tí wọ́n là fún aláàbọ̀ ara. Disney yí ètò náà padà kí ọdún tó parí, àwọn òbí tí ọmọ wọn nílò rẹ̀ lóòótọ́ sì gba kóòtù lọ.

Èmi ò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnubodè: nínú àga tí ọkọ̀ eré kọ̀ọ̀kan ní lónìí, iye báyìí la ti tà, iye báyìí ló kù fún ẹni tó san owó ẹnu ọ̀nà nìkan. Kí n mọ ohun tí mo ń rà. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè kọ ọ́, kò burú, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ẹni tó san 449 dọ́là láti rékọjá, ta ló fẹ́ rékọjá? Èmi ni. Bí mi ò bá dúró sórí ìlà gígùn yẹn, kí oòrùn pa mí, kí n gbé ọmọ kọ́rùn, kí n sì fi ojú ìlara tẹ̀lé e lọ, kí ni wọ́n fẹ́ tà fún un? Àwa la fi adùn sí ọjà wọn. Kí wọ́n forúkọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n máa san owó wákàtí fún wa, kí wọ́n sì fún wa ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé Carousel of Progress ni màá ti lo tèmi.